Ọ̀fìnkìn Ti Lọ, Àyà Kò Tíì Sinmi

Ara gbígbóná ti lọ, ọ̀fìnkìn ti gbẹ, ọ̀nà ọ̀fun kò dùn mí mọ́. Ẹni tó bá rí mi á ní ara mi ti yá. Síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo ń gun àtẹ̀gùn, àárín rẹ̀ ni mo dúró sí, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú títí èémí fi padà bọ̀ sípò. Láti kékeré ni mo ti ń bá ikọ́ fée (asthma) yí. Ìgbà tí ọ̀fìnkìn bá kúrò lára àwọn yòókù nílé ni tèmi máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí àyà.

Kòkòrò àìfojúrí tó fà á ti lè kú tán, ṣùgbọ́n inú ọ̀nà èémí ṣì wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, iṣan tó yí i ká sì ń tètè fún pọ̀. Ẹni tí kò ní ikọ́ fée pàápàá lè wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 8 lẹ́yìn irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Kí wá ni ti àwa tí ọ̀nà èémí wa ti ń bínú tẹ́lẹ̀? Atẹ́gùn tútù, èéfín, lọ́fínńdà, ẹ̀rín àríntàkìtì, ohun gbogbo ló ń mú àyà dún fée-fée. Òru ló burú jù, pàápàá bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́.

Peak flow meter, ohun èlò kékeré tí a ń fẹ́ èémí sí láti mọ bí ó ṣe ń yára jáde tó, ni mo fi ń mọ ibi tí mo dé. Mo dìde dúró, mo mí sínú títí àyà fi kún, mo fi ètè dì í pinpin, mo sì fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tagbáratagbára. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń ṣe é, èyí tó ga jù la ń kọ sílẹ̀. Bí ara mi bá dá ṣáká, ó ń dé 420 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Láàárọ̀ yìí, 310 ni. Ojú lè tàn wá, ṣùgbọ́n 310 kì í ṣe ara yíyá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè lọ́sàn-án. A ò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí wọ́n fi ní, “Kí ló dé tí o fi ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ báyìí?” Inú mi dùn pé wọ́n kíyè sí i. Wọ́n bi mí bóyá kí n lo oògùn apakòkòrò. Mo ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn yẹn kì í ran irú kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn.” Ìnhélà tó ń dín wíwú kù láàárọ̀ àti lálẹ́ ni mo gbára lé, tí mo sì ń fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa á tì. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí òun gan-an ló ń tọ́jú wíwú tó wà nídìí àìsàn náà. Ìnhélà búlúù kàn ń la ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ ni.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi èyí sọ́kàn: bí wọ́n bá rí i pé mi ò lè parí gbólóhùn kan, tí ètè mi ń dúdú, tí awọ àárín egungun ìhà mi ń wọnú bí mo ṣe ń mí, tàbí tí ìnhélà búlúù kò bá gbé mi tó wákàtí 4, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí ilẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ má mọ́. Dókítà mi ti kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé bí mo bá fẹ́ ẹ tí kò tó 250, kí n bẹ̀rẹ̀ prednisolone, oògùn oníhóró tó ń dín wíwú kù, kí n sì pe òun lọ́jọ́ náà.

Tàṣálẹ́ yìí jẹ́ 325. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ níwájú ìpàdé ọ̀sẹ̀ yìí. Ó di ìgbà tí mo bá kọjá 336, ìyẹn ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún 420 mi, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n tó gbà pé mo lè ṣe é.