Agẹṣin tó jápa kúrò ní Amẹ́ríkà

Nínú ìdílé wa, jápa ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Leeds, àbúrò mi obìnrin wà ní Calgary, èmi náà sì ní fọ́ọ̀mù kan nílẹ̀ tí n kò tíì kọ tán. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn Jimmy Winkfield fi wọ̀ mí lára tó báyìí. Amẹ́ríkà tí gbogbo wa ń dù láti dé, ibẹ̀ ni òun ti kẹ́rù rẹ̀ ní 1904, ó kọrí sí Rọ́ṣíà.

Iṣẹ́ gígẹṣin sáré ló ń ṣe. Chilesburg ní Kentucky ni wọ́n ti bí i ní 1882, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 17. Eré àkọ́kọ́ tó sá ní Chicago, ìjàǹbá ló fi dá sílẹ̀: ó já wọ iwájú àwọn tó kù, ẹṣin mẹ́rin ṣubú lu ara wọn. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan.

Ẹ má rò pé òun nìkan ni dúdú láàárín wọn o. Ní Kentucky Derby àkọ́kọ́, eré ẹṣin tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, ní 1875, dúdú ni 13 nínú agẹṣin 15. Kò yẹ kó yani lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ẹrú ló ń tọ́jú ẹṣin olówó wọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Winkfield gba Derby ní 1901, àmọ́ ti 1902 ni mo fẹ́ràn jù. Ẹṣin méjì ni McDowell, olówó ẹṣin tó gbà á síṣẹ́, ní fún eré náà, Alan-a-Dale àti The Rival. Nash Turner, agẹṣin òyìnbó tó lórúkọ, ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú. Winkfield tó ń gun méjèèjì níbi ìdánrawò mọ̀ pé Alan-a-Dale yá jù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ dá ṣáká. Ó bá ń fa ìjánu rẹ̀ sẹ́yìn, kò jẹ́ kó sáré débi tí agbára rẹ̀ mọ. Turner wò ó títí, ó mú The Rival. Lọ́jọ́ eré, Alan-a-Dale ti ń tiro kí wọ́n tó dé òpin. Winkfield mọ ibi tí iyanrìn pápá náà ti jìn, ibẹ̀ ló sì ń darí àwọn tó ń lé e bọ̀ sí. Imú ẹṣin ló fi borí. The Rival ṣe ẹ̀kẹta. Ọmọ 20 ọdún nìyẹn o!

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ipò kejì. Lẹ́yìn náà ló ṣèlérí fún Madden, ọ̀gá ńlá nídìí ẹṣin, pé òun á gun ẹṣin rẹ̀, ó sì tún gba 3,000 dọ́là lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti gun tiẹ̀ nínú eré kan náà. Madden bínú gidi. N kò ní gbèjà rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n àwọn agẹṣin òyìnbó ti ń fún àwọn dúdú mọ́ ọgbà pápá lásìkò náà, àwọn olówó ẹṣin ò sì fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ mọ́.

Ní Rọ́ṣíà, ó di ọba. Ó gba Derby ibẹ̀, ó gba ti Warsaw, hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ló ń gbé ní Moscow. Ogun abẹ́lé ló lé e kúrò. Ní 1919, òun àti àwọn mìíràn da ẹṣin tó lé ní 200 láti Odessa dé Warsaw, ìrìn tó ju 1,000 máìlì. Ebi pa wọ́n débi pé wọ́n pa nínú àwọn ẹṣin náà jẹ.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní Faransé. Ní Maisons-Laffitte ló ti ń kọ́ ẹṣin lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ní 1930, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dé tó fi padà sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ ojú títì ni orílẹ̀-èdè abínibí rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́.

Ní 1961, wọ́n pè é síbi àsè Derby ní hòtẹ́ẹ̀lì Brown ní Louisville. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ́nà ní àwọn dúdú kì í gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ṣàlàyé títí kí wọ́n tó gbà wọ́n láàyè. Ìlú tí òun fúnra rẹ̀ ti gba Derby lẹ́ẹ̀mejì! Faransé ló padà sí, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1974. Láti 1902 tó ti gbà á, kò tíì sí dúdú Amẹ́ríkà mìíràn tó gun ẹṣin gba Kentucky Derby.