Kí Ẹ Tó Ra Fìlà, Ẹ Wọn Orí: Ohun Tí Iṣẹ́ Fìlà Rírán Kọ́ Mi ní Àkúrẹ́

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ló mọ nọ́ńbà bàtà wọn. Wọ́n mọ iye yáàdì tí agbádá wọn ń gbà, wọ́n sì lè sọ bí ọrùn ẹ̀wù wọn ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé, “Ínǹṣì mélòó ni orí yín?”, wọn kì í ní èsì. Wọn yóò kàn ní kí n mú èyí tó wà lórí àtẹ wá kí wọ́n gbé e wò. Bí ó bá ti wọlé, wọ́n ti sanwó nìyẹn.

Nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń rán fìlà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé téèpù la kọ́kọ́ ń gbé, kì í ṣe aṣọ. Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Fìlà náà kò yàtọ̀, àfi pé kò lè yẹ orí tí kò bá mu. Èyí tó fún yóò fi ojú ilà sí iwájú orí, yóò sì máa dun ẹni tó dé e kí àríyá tó dé ìdajì. Èyí tó tóbi yóò máa sọ̀ kalẹ̀ bo ojú, ọwọ́ olúwa rẹ̀ kò sì ní kúrò ní orí títí tí yóò fi dé ilé.

Bí ẹ ṣe máa wọn orí nìyí. Téèpù rírọ̀ tí télọ̀ ń lò ni kí ẹ mú, ẹ má mú ti kápẹ́ńtà. Ẹ gbé e sí iwájú orí, níbi tó fi nǹkan bí ìbú ìka kan ga ju irun ìpéǹpéjú lọ. Ẹ jẹ́ kó gba òkè etí méjèèjì kọjá, kó sì yí lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ìpàkọ́ ti yọ síta jù lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọn a jẹ́ kí téèpù yọ́ wálẹ̀ sí ọrùn, nọ́ńbà tí wọ́n sì máa rí kì í ṣe ti orí mọ́. Ẹ má fà á títí tí yóò fi wọ awọ, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ̀ jù. Ó sàn kí ẹlòmíì bá yín mú un láti ẹ̀yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bí méjèèjì kò bá sì dọ́gba, èyí tó tóbi ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní téèpù lè fi okùn tí kì í nà yí orí ká, kó fi kálámù sàmì sí ibi tó ti pàdé, kó wá nà án lé rúlà.

Fìlà tí wọ́n ti rán sílẹ̀ fún títà sábà máa ń wà láàárín ínǹṣì 21 sí 24, ìdajì ínǹṣì ni wọ́n sì fi ń ju ara wọn lọ. Nínú àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tí èmi ń wọn, ọ̀dọ̀ 22 sí 23 ni mo ti ń bá púpọ̀ nínú wọn. Ìdajì ínǹṣì yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò dé fìlà rí, ṣùgbọ́n òun ni ìyàtọ̀ láàárín fìlà tí ẹ máa gbàgbé pé ó wà lórí yín àti èyí tí ẹ máa bọ́ sínú mọ́tò kí ẹ tó kúrò ní ibi ayẹyẹ.

Ọ̀rọ̀ irun tún wà níbẹ̀. Orí tí ẹ máa gbé lọ síbi ayẹyẹ ni kí ẹ wọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ fá irun ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, tí ẹ sì wọn orí nígbà tí irun ṣì kún, fìlà náà yóò tóbi jù. Ẹni tó bá ń dá irun sí, tàbí tó ní dàda, kò gbọ́dọ̀ tẹ irun mọ́lẹ̀ kí nọ́ńbà lè kéré. Ẹ jẹ́ kí téèpù gba orí irun bó ṣe wà.

Aṣọ náà ní tirẹ̀. Aṣọ òkè nípọn. Bí a bá tún fi láìnì àti sítéè tó ń mú un dúró sí i, gbogbo wọn ló ń gba àyè nínú fìlà. Nítorí náà, bí orí bá jẹ́ 22 tí aṣọ sì jẹ́ sányán tó nípọn, ìdajì ínǹṣì ni mo máa ń fi kún un kí n tó gé e. Àdìrẹ tàbí àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún sọ fún ẹni tó ń rán an fún yín pé kó fi àyè sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀yìn, kó má gé e mọ́ ojú òwú. Bí fìlà bá fún lẹ́yìn náà, a lè tú u kí a fẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti gé àyè yẹn dànù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni fìlà aṣọ ẹbí. Ìdílé á gba aṣọ kan náà, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin ilé, wọ́n á wá ní kí n rán gbogbo rẹ̀ sí 22 nítorí pé ó yá. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ ó rí bàbá àgbà, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pé jọ, tó fi fìlà sórí itan nítorí kò wọ̀ ọ́ lórí. Ó ń dùn mí gan-an. Nígbà kan tí ọ̀dọ́kùnrin kan mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, mo fún un ní téèpù, mo ní kó máa mú un dání bó ṣe ń gba owó kiri. Ó kọ orúkọ kálukú àti nọ́ńbà orí rẹ̀ sí ìwé kan náà tó fi ń kọ owó. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gba 24, àwọn àbúrò rẹ̀ kan sì gba 21 àti ààbọ̀. Ẹ wo bí 22 kan ṣoṣo ì bá ti ṣe wọ́n! Ẹni tó bá ń gba owó aṣọ ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba nọ́ńbà orí pọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni irú fìlà tó yẹ ojú. Fìlà gọ̀bì ni mo ń rán jù. Gíga rẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà bí ó bá kúrú jù, kò ní tẹ̀, ńṣe ni yóò dúró gbọnrangandan. Ẹni tí ojú rẹ̀ gùn, kó má jẹ́ kí gọ̀bì ga jù, kó sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí roboto, kó jẹ́ kó ga díẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ tí a tẹ fìlà sí ló ń fi hàn bóyá ọkùnrin ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ kì í fohùn ṣọ̀kan lórí èwo ni ti àpọ́n, èwo ni ti bàálé ilé. Èmi máa ń ní kí oníbàárà dúró níwájú dígí, kó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, kó tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ojú kò dọ́gba lápá méjèèjì, ẹ ó sì rí i kíákíá èyí tó bá a mu.

Abetí ajá dára lórí ẹni tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, pàápàá pẹ̀lú agbádá. Àwọn bàbá kan sì wà tí wọn kì í béèrè ju irú fìlà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ máa ń dé lọ. Àwọn tó rántí ìgbà UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, nígbà tí Olóyè Adékúnlé Ajáṣin ṣe gómìnà wa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 sí 1983, ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. Mo fẹ́ràn láti rán an fún wọn. Ní ti àwọ̀, kò pọn dandan kí fìlà jẹ́ aṣọ kan náà pẹ̀lú ẹ̀wù. Fìlà ẹtù, aṣọ òkè aláwọ̀ aró, lórí agbádá funfun, kò sí ohun tó mọ́ ojú mi jù ú lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ń ra fìlà òyìnbó lọ́jà òkìríkà báyìí, wọ́n sì máa ń mú un wá bi mí nípa nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹ yí awọ tó yí inú rẹ̀ ká síta, ẹ ó rí i. Bí ó bá jẹ́ 56, 57, 58, sẹ̀ǹtímítà ni. Sẹ̀ǹtímítà 2.54 ló wà nínú ínǹṣì kan, nítorí náà 56 jẹ́ ínǹṣì 22, 58 sì jẹ́ nǹkan bí 22 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá rí 7¼, ti Amẹ́ríkà ni: wọ́n fi 3.14 pín ìwọ̀n ínǹṣì orí. Orí kan náà yìí, 7⅛ ni àwọn ará Ìlú Ọba máa kọ fún un. Ẹ má wò ó pé 7 ni 7, téèpù yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Fìlà òyìnbó tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí irun ehoro ṣe kò fẹ́ omi òun ooru pọ̀. Bí òjò Àkúrẹ́ bá pa á, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e sítòsí iná, yóò sún kì. Fìlà Panama tí àwọn èèyàn ń gbé gẹ̀gẹ̀, Ecuador ni wọ́n ti ń hun ún, láti ara ewé toquilla. UNESCO tilẹ̀ fi iṣẹ́ híhun rẹ̀ sínú àkójọ àwọn àṣà ìran ènìyàn ní 2012. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú jẹ́ bébà tí wọ́n lọ́, omi lásán sì máa ń bà á jẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Bó bá jẹ́ oòrùn ni ẹ ń sá fún, féèsì-káàpù kò tó. Ó bo ojú, ó fi etí àti ọrùn sílẹ̀. Fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ yíká, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 7.5, ìyẹn nǹkan bí ínǹṣì mẹ́ta, ni kí ẹ wá. Akẹtẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń dé lọ sí oko kòkó ní Ìgbátòrò àti Ìdànrè ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ àfín, ẹ má jẹ́ kó lọ sí ilé ìwé láìdé irú fìlà bẹ́ẹ̀. Oòrùn máa ń fa jẹjẹrẹ awọ fún wọn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oge rárá.

Ẹ tún ro ibi tí ẹ ń lọ. Ní ààfin Déjì, tàbí ti Ọṣemàwé ní Oǹdó, ṣíṣí ni a ń ṣí fìlà kí a tó dọ̀bálẹ̀, a sì máa ń ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fìlà tó le koko tó sì fún kì í rọrùn láti ṣí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó ń lọ kírun, èyí tó rọ̀ tí kò sì ní etí níwájú ni kó dé, kí iwájú orí lè kan ilẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ má fọ aṣọ òkè. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀, kí ẹ ki bébà funfun sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi káńfọ̀ sínú àpótí nítorí kòkòrò. Bí fìlà bá tóbi díẹ̀, ẹ ní kí wọ́n rán fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kó má kàn jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rán fìlà fún bàbá yín láìjẹ́ kó mọ̀, ẹ wá fìlà tó máa ń dé jù, kì í ṣe èyí tó ń fi pamọ́. Ẹ fi téèpù yí inú rẹ̀ ká ní ìsàlẹ̀, níbi tó ti ń kan iwájú orí. Ẹ wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sí ibi tí ẹ ti mú un. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn pẹ̀lú fọ́tò náà ni kí ẹ mú lọ fún ẹni tó máa rán an.