Ẹ̀yin àbúrò mi ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti okun ara rèé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, human kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mo kà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ jù ni pé inú ìkòkò lẹsẹ̀ ti ń gba okun kó tó dé pápá.

0-1-0 yẹn, ìyẹn kéèyàn jẹ oúnjẹ ọ̀sán nìkan lóòjọ́, ló ń bà wọ́n jẹ́ jù. Ọmọ á fo oúnjẹ àárọ̀, á jókòó ní lẹ́kíṣọ̀ títí dọ̀sán, á jẹun ẹ̀ẹ̀kan, tó bá dìrọ̀lẹ́ á wọ kánfáàsì lọ sí pápá, kò ní tíì sáré yípo ẹ̀ẹ̀mejì tí òòyì á ti máa kọ́ ọ, á wá ní òun ò ní stamina, ló bá lọ ra energy drink. Ẹ jọ̀ọ́, kafíìnì àti ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀, ojú yín á kàn là fúngbà díẹ̀ ni. Okun tẹ́ ẹ fi ń sáré, látinú ìrẹsì, iṣu, gààrí ló ti ń wá, ara á kó o pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ti inú ẹ̀dọ̀ sì máa ń dínkù gan-an tílẹ̀ bá fi mọ́, kí lẹ wá fẹ́ fi sáré tẹ́ ẹ bá tún fo àárọ̀?

Mi ò bá gààrí jà o. Àmọ́ protein tó ń tún iṣan ṣe ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù ní tó bíi 23 gíráàmù. Ẹ da ẹ̀pà sí gààrí yín, ẹ fẹyin sí núdùlù, kẹ́ ẹ sì dín màggì inú ẹ̀ kù. Ẹ lè dáwó jọ ní rúùmù kẹ́ ẹ se ẹ̀wà ìkòkò kan, ó sàn ju kí kálukú máa ra púffù-púffù lọ.

Ẹ̀yin obìnrin, tiyín ló ń ká mi lára jù. Ẹ̀jẹ̀ oṣooṣù ń kó èròjà iron lọ, iron yẹn lẹ̀jẹ̀ fi ń gbé oxygen dé iṣan, tó bá ti kéré, àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì lásán lẹ ó gùn tẹ́ ẹ ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ tówó bá wà, kẹ́ ẹ mu ọsàn lé e torí ó ń jẹ́ kí iron inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà wọ ara dáadáa. Tíì ní tiẹ̀ kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kẹ́ ẹ tó mu ún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sí pápá nírọ̀lẹ́, ẹ jẹun gidi ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú, tí kò bá wá sáyè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti omi á gbé yín débẹ̀.