Oòrùn Ìbàdàn, òrùlé Dortmund

Ọdún 2016 ni mo dé Jámánì. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé iná kì í lọ níbẹ̀, nítorí náà ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Àwọn òrùlé ló yà mí lẹ́nu. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, à ń gba àárín oko kọjá, mo sì ń rí ilé lẹ́yìn ilé, títí kan ilé màlúù, tí pánẹ́ẹ̀lì sólà bo òrùlé wọn. Ojú ọ̀run ṣú, òjò wínníwínní ń rọ̀. Mo ní, oòrùn wo ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo èyí gbà? Ní Àkóbọ̀, ní Ìbàdàn, níbi tí mo dàgbà sí, oòrùn ti máa ń mú gan-an láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, síbẹ̀ òrùlé tí mo mọ̀ tó ní sólà nígbà náà ò pé márùn-ún.

Òfin ló gbé àwọn pánẹ́ẹ̀lì yẹn gun òrùlé. Ní ọdún 2000, Jámánì ṣe òfin pé ẹni tó bá fi oòrùn pèsè iná, tó sì tì í sórí wáyà tí gbogbo ìlú jọ ń lò, wọ́n á máa sanwó fún un ní iye kan tí kò ní yí padà fún ogún ọdún. Àgbẹ̀ tó ní ilé màlúù lè tìtorí òfin yẹn lọ yáwó ní báńkì, torí báńkì náà mọ̀ pé owó á máa wọlé. Oòrùn wọn ò sì tó tiwa rárá. Pánẹ́ẹ̀lì kílówáàtì kan máa ń mú nǹkan bí i 1,000 yúníìtì wá lọ́dún ní Jámánì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, á lé ní 1,300. Ìgbà ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn sì ń wọlé. Tó bá di oṣù Kejìlá, tí gbogbo ilé ń tan iná láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí pánẹ́ẹ̀lì ń rí kó wálé.

Ayálégbé ni mí ní Dortmund, mi ò ní òrùlé. Ṣùgbọ́n oríṣi sólà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Balkonkraftwerk: pánẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n ń so mọ́ irin bákónì, pẹ̀lú ínfátà kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì di irú èyí tí ilé ń lò. Wáyà rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, èèyàn á kì í bọ ihò iná lára ògiri bí ìgbà tó ń ki wáyà áyọ́ọ̀nù, ó parí. Ní 2024, òfin gbé agbára ínfátà náà láti wáàtì 600 sí 800, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì ṣe é lófin pé onílé ò lè kàn sọ pé òun ò fẹ́ láìní ìdí gidi. Láti 2023 ni ìjọba ò ti gba owó-orí ọjà lórí ẹ̀ mọ́. Yúrò 480 ni mo ra tèmi. Mo forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí òfin ní ká ti forúkọ sílẹ̀, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ohun tó ń ṣe fún mi ni pé ó ń dín owó iná mi kù. Yúníìtì kan ní ilé mi súnmọ́ ogójì sẹ́ńtì, nítorí náà lọ́sàn-án ìgbà ooru tí fíríìjì, íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń lo iná bákónì, inú mi máa ń dùn. Láàárín bí ọdún mẹ́ta, ó yẹ kó ti san owó ara rẹ̀ padà.

Ọjọ́ kan wá wà nínú oṣù Karùn-ún. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lójú títì gé wáyà, iná lọ ní gbogbo òpópónà wa. Oòrùn ń ràn yòò. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó má bẹ̀rù, àwa ní iná tiwa. Mo tẹ iná pálọ̀, kò tàn. Mo jáde sí bákónì, mo rí i pé ínfátà náà ti kú fin-ín. Ilé tó wà ní òdìkejì, tí pánẹ́ẹ̀lì kún orí ẹ̀, iná ò sí níbẹ̀ náà. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: tí iná ìlú bá lọ, ínfátà gbọ́dọ̀ kú, kó má baà ti iná sórí wáyà tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ ṣiṣẹ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ á tún san owó míì fún bátìrì àti ínfátà tó lè dá dúró. Ọ̀pọ̀ ò sì san án, torí iná tó ń lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Jámánì ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ lọ́dún. Èmi tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, mi ò mọ̀ pé sólà kan wà láyé tó ń dúró de iná ìjọba kó tó ṣiṣẹ́.

Ní Ìbàdàn, iná gan-an lèèyàn ń fi owó sólà rà. Wákàtí mẹ́rin, márùn-ún ni iná ìjọba ń wà lóòjọ́ ládùúgbò Màámi. Àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìpín àwọn oníbàárà iná tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí lóòjọ́ fún, rí i bí owó yúníìtì ṣe fò láti 68 náírà sí 225 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ gbára lé jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, jẹnẹrétọ̀ di ohun tí èèyàn ń ro ẹ̀ẹ̀mejì kó tó fa okùn ẹ̀. Lítà tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún kan.

Sólà àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún Màámi ṣì máa ń dùn mí dòní. Bátìrì olómi mẹ́rin ni. Ẹni tó bá wa ṣe é lo wáyà tó tín-ín-rín jù, ó kó bátìrì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ooru ìdáná ń dé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé omi bátìrì á máa gbẹ. Kò pé ọdún mẹ́ta tí gbogbo ẹ̀ kú. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kó owó yẹn jọ. Ẹni tó wá ra òkú bátìrì náà nítorí òjé inú ẹ̀ fẹ́ da ásíìdì rẹ̀ sí ojú gọ́tà níbi táwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àfi ìgbà tí àbúrò mi pariwo mọ́ ọn. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Jámánì, òfin ni pé ẹni tó ń ta bátìrì gbọ́dọ̀ gba èyí tó ti kú padà. Bí ọ̀pọ̀ bátìrì ṣe ń wọ Nàìjíríà báyìí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká gbogbo wa lára.

Ní 2024, a tún un ṣe. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, bátìrì lithium kan, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ náírà. Wọ́n jó bóòtù àwọn pánẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ mọ́ irin nítorí olè. Màámi ń lo fáànù mọ́jú báyìí, omi tútù wà nínú fíríìjì wọn, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn ti ń gbọ́ ohùn àwọn ẹyẹ láàárọ̀. Ó ní ìṣòro tirẹ̀ náà. Nínú ọyẹ́, eruku á bo pánẹ́ẹ̀lì débi pé iná á dín kù gan-an, àbúrò mi á wá gbé àkàbà láàárọ̀ kùtù kí dígí tó gbóná, á fi aṣọ tó tutù nù ún. Ooru pàápàá ń dín agbára wọn kù. Tí ojú ọ̀run bá sì ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta léra nínú oṣù Keje, Màámi á pa fíríìjì kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ohun tó wá ká mi lára jù ni aago kan ọ̀sán. Bátìrì Màámi á ti kún, pánẹ́ẹ̀lì ṣì lè mú iná wá, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á. Ní ẹ̀yìn ọgbà, jẹnẹrétọ̀ Ìyá Ìbejì ń pariwo nítorí fírísà tí wọ́n fi ń ta omi yìnyín. Ní Jámánì, wáyà ìlú ló ń gba àṣẹ́kù. Ó tiẹ̀ ń pọ̀ jù fún wọn báyìí: láwọn ọ̀sán kan, owó iná lọ́jà á já wálẹ̀ kọjá òdo, láti oṣù Kejì ọdún 2025 wọn ò sì sanwó fún sólà tuntun mọ́ láwọn wákàtí bẹ́ẹ̀. Oòrùn tiwa ń ṣòfò nítorí ògiri ọgbà kan ṣoṣo.

Màámi ló ní ká fa wáyà. Mo kọ́kọ́ kọ̀, torí ẹ̀rù iná ń bà mí. Àbúrò mi pe oníná gidi, ó lo wáyà tó nípọn, ó fi bírékà sí i, láti aago mọ́kànlá sí aago mẹ́rin ni fírísà Ìyá Ìbejì sì ń jẹ iná ilé wa báyìí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ní ìgbà òtútù, aago Dortmund àti ti Ìbàdàn bára mu. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo pe Màámi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ mi, iye tí bákónì mi mú wá lọ́jọ́ náà ò pé ìdajì yúníìtì.

“Àbẹ̀kẹ́, oòrùn ṣì wà níbí o. A ti yọ wáyà Ìyá Ìbejì.”

Mo ní, “Mélòó ni bátìrì wà, ẹ̀yin Màámi?”

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá awò ojú wọn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,” ni wọ́n wí.