Ajíṣafẹ́ kì í ṣe màlúù iléyá

Kánópì àti àga ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun ní Ilé-Ifẹ̀. Oníbàárà kan ló ní ẹṣin ni ọkọ ìyàwó máa gùn wọ òde, mo bá lọ háyà ọ̀kan ní Sábó. Owó tí mo san lọ́jọ́ náà dùn mí débi pé mo ní kí n kúkú ra tèmi. Màláàmù tó ń tọ́jú ẹṣin ní Sábó ló bá mi ra abo pupa kan tí kò ga, àwọn ọmọ mi sì sọ ọ́ ní Ajíṣafẹ́.

N kò bá ọgbọ́n ẹṣin nílé baba mi. Ilẹ̀ igbó ni tiwa. Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn Ọ̀yọ́ fi ń fi ẹṣin jagun ní ọ̀dàn tí kò sì wúlò fún wọn nínú igbó. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ẹran tó bá rù ń dójú ti ẹni tó ni ín. Mo ń fún un ní dúsà, ìyẹn èèpo ọkà, láàárọ̀, àgbàdo lọ́sàn-án, búrẹ́dì tó bá ṣẹ́kù ní òde lálẹ́. Àwọn aládùúgbò náà ń mú èèpo iṣu wá.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí òkè ọrùn rẹ̀ fi le gbagidi, tó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ wá dà bíi gọ́tà, bí òjò bá rọ̀ omi á dúró síbẹ̀. Bẹ́líìtì gàárì tó wà ní ihò kẹta nígbà tó dé ti bọ́ sí ihò ìkẹyìn, Màláàmù á tún fi orúnkún ti ikùn rẹ̀ kó tó lè fà á dé. Gbogbo ènìyàn ló ń kí mi pé, “Ìyá Kánópì, ẹṣin yín mà ń jẹun o!” Màláàmù nìkan ni kò kí mi. Ó ní, “Hajiya, ẹṣin yìí kì í ṣe màlúù iléyá.” Mo rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a tó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, tó fi gbogbo ara tì sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iyẹ̀pẹ̀ gbígbóná. Kò fẹ́ yípo. Mo rò pé ẹ̀gún ni. Màláàmù fi àtẹ́lẹwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó gbóná. Ó wá fà mí lọ́wọ́ kí n fi ìka kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà lókè pátákò, iṣan ń lù kìkì.

Dókítà ẹran dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní dúsà, àgbàdo àti búrẹ́dì ló fà á. Bí ẹṣin bá ti sanra jù tó tún ń jẹ oúnjẹ oníṣúgà, ínsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á ga, ẹran tó so eegun mọ́ pátákò á wú, bí wọn ò bá sì tètè mójú tó o, eegun lè já wálẹ̀ nínú pátákò. Ará Amẹ́ríkà kan, Henneke, gbé ìwọ̀n 1 sí 9 kalẹ̀ ní 1983 tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọ̀rá ara ẹṣin. 5 ló dáa. Dókítà fún Ajíṣafẹ́ ní 8. A da lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí ibi rọ̀ lé, ó sì fún un lóògùn.

Èmi wá ní kó má jẹun mọ́ rárá. Ọjọ́ kan ààbọ̀. Ẹ má ṣe é o! Nígbà tí dókítà gbọ́, ọmọ tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ yìí, ó jágbe mọ́ mi lórí fóònù: “Mà, ẹ fẹ́ pa á ni?” Omi kíkan ń ṣàn nínú ikùn ẹṣin tọ̀sán-tòru, bó jẹun bí kò jẹun, tí koríko kò bá sí nínú ikùn yẹn, egbò ló ń dá síbẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé bí ebi bá pa ẹṣin tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya lu ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀, ìyẹn sì lè pa á kíákíá.

Ìṣirò la wá bẹ̀rẹ̀. Mo fi téèpù aránṣọ wọn àyà rẹ̀ yípo lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú: sẹ̀ǹtímítà 157. Láti ṣóńṣó èjìká dé ibi tí ìdí yọ sí: 150. Ẹ fi 157 sọ 157 di púpọ̀, ẹ tún fi 150 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 11,877 pín in. Ó jẹ́ bíi kílò 311. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò ara rẹ̀, kílò kan ààbọ̀ koríko gbígbẹ ló tọ́ sí i lójúmọ́ nígbà tó bá ń fọn, ìyẹn bíi kílò 4.7 fún tiwa. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú eéran tútù, nítorí náà ó tó bíi kílò 19 tí ẹ bá gé e ní tútù. Mo yá òṣùwọ̀n alágbékọ́ lọ́wọ́ oníkòkó kan. Ìdì eéran tí ọmọ Màláàmù ń gé wá láti ọ̀nà Oǹdó, ọ̀kan wọn kílò 11, èkejì wọn 7, owó kan náà sì ni mo ń san lórí méjèèjì!

A pín in sí mẹ́rin, ti alẹ́ ló pọ̀ jù torí òru gùn. Mo fi àwọ̀n ẹja ìlọ́po méjì dì í, kó máa fi ètè já a díẹ̀díẹ̀, a sì gbé e kọ́ sókè dáadáa kí pátákò má baà há sínú rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni mo ń rẹ sínú omi fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí ṣúgà rẹ̀ lè ṣàn jáde, mo sì ń da omi náà nù. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn wa yìí, yóò kan. Omi mímu kò ní òṣùwọ̀n, iyọ̀ náà wà nílẹ̀. Mo gbé dúsà kúrò pátápátá; kò ní kálísíọ́mù tó, bẹ́ẹ̀ ni èròjà tó máa ń jẹ kálísíọ́mù ara pọ̀ nínú rẹ̀, eegun ojú ẹṣin mìíràn a máa wú nítorí rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ koríko ẹ̀pà kan ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn tán, tí dókítà sì gbà, Màláàmù ń mú un rìn lójoojúmọ́. Oṣù márùn-ún ló gbà. Àyà rẹ̀ wá di 148, ara rẹ̀ di bíi kílò 277, bẹ́líìtì padà sí ihò kẹta. Bí mo bá fi ọwọ́ rá ìhà rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo lè ka eegun, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò rí wọn.

Àwọn aládùúgbò ni kò tíì dárí jì mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní òde kan ní Lágéré, ìyá ìyàwó wo Ajíṣafẹ́ lókè-nílẹ̀, ó ní, “Ìyá Kánópì, ṣé ẹ kì í fún un lóńjẹ ni?” Ó mú pọ́fù-pọ́fù mẹ́ta nínú àwo, ó nà án sí i. Ajíṣafẹ́ ti la ẹnu. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kí i pé ẹ ṣeun mà, mo sì jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú wọn.