Kí ló ń dúró dè?

Ṣọ́ọ̀bù lónìí: mo ta páìpù díẹ̀, iná ò wá, mo tètè tì í. Ọ̀rọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àná ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń fọ ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ògiri, àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Àgbà kan nínú wọn, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló ń ròyìn mi fáwọn yòókù. Ó ní: "Ẹran dúró, ó ń wò ó. Òun náà dúró, ó ń wo ẹran. Kí ló ń dúró dè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dá a lóhùn nínú mi, tí kò sì gbọ́.

Kí ló ń dúró dè?

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, lọ́nà Ìbòkun, lẹ́yìn oko kòkó kan. Àgbọ̀nrín ni, akọ, ìwo rẹ̀ lọ́ sókè, àmì funfun tóótòòtó wà níhà rẹ̀. Ó yọ láti inú ewé, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò gbé e sílẹ̀. Ìbọn ti wà léjìká mi, ẹ̀tù gbẹ, gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹran yẹn gan-an ni ọ̀nà táwọn ará abà ń gbà lọ pọnmi, àsìkò ìpọnmi sì ni. Ewé bo ọ̀nà náà, mi ò rí ẹni tó lè máa bọ̀. Mo ń dúró kí ẹran náà ṣí díẹ̀ sápá òsì, kí ọta mi lè rí ilẹ̀ bà. Kò ṣí. Atẹ́gùn yí, ó gbóòórùn mi, ó gbó bí ajá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti wọgbó lọ.

Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn ọdẹ tó yìnbọn fún èèyàn, tó ní ẹran lòun pè é, kò yẹ kó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àgbà yẹn sì ti gbọ́ ọ ju èmi lọ. Òun ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran kí n tó wo ẹran. Òun gan-an! Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. Ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́, mi ò ní rántí rẹ̀ títí di alẹ́.

Àmọ́ ká sọ pé kò sí ọ̀nà odò níbẹ̀ ńkọ́? Ǹ bá yìn ín. Mo rò pé ǹ bá yìn ín. Àbí... ẹsẹ̀ tó gbé sókè yẹn. Mo fẹ́ mọ ibi tó máa gbé e sí.

  

Ìyá Ayọ̀, ìyàwó mi, ní kí n gbàgbé ẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó lọ. Àbí àgbọ̀nrín èṣí lẹ fẹ́ máa jẹ lọ́bẹ̀?" Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìbọn láti nù ún, ó tún padà.

Ọdẹ ló ṣáájú dé ìlú Òṣogbo yìí. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé omi ń wọ́n wọn ní Ìpólé, Tìmẹ́hìn ọdẹ sì rí odò Ọ̀ṣun nínú igbó, ó padà lọ sọ fún Láróòyè, olórí wọn. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹran tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Bóyá erin kan kọjá níwájú rẹ̀ tó jẹ́ kó máa lọ, nítorí pé ó gbúròó omi. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un o, kò sí nínú ìtàn.

Nínú igbó Ọ̀ṣun náà, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí UNESCO tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ń sún mọ́ èèyàn. Ẹ lè dúró wò wọ́n títí ẹsẹ̀ á fi ro yín, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èmi ò lọ sọ́nà Ìbòkun láti lọ wòran. Mo fẹ́ ẹran yẹn. Mo ṣì ń fẹ́ ẹ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ká mi lára púpọ̀.

Ó dára. Ọyẹ́ ti ń yọjú, láti apá àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn rẹ̀ ti ń wá, ibi tí mo lúgọ sí kò ní dára fún un mọ́. Igi àràbà kan wà lódìkejì, nítòsí odò. Bí mo bá jókòó sídìí rẹ̀, ẹ̀yìn mi ni ọ̀nà ìpọnmi máa wà, oko tó ti di igbó ló máa wà lẹ́yìn ẹran, kò sì sẹ́ni tó ń gbabẹ̀ kọjá. Màá mú eérú dání, màá máa dà á wò léraléra bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, torí àsìkò yẹn ni atẹ́gùn máa ń yí.

Màá bẹ àgbà yẹn kó tẹ̀ lé mi débẹ̀ láàárọ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà odò náà. Kì í ṣe torí ìjà. Ó lè ní kí n yé yọ òun lẹ́nu. Bó bá wá, bí kò bá wá, ìdí àràbà ni mo máa wà.