Ọdún Tí A Kọ́ Àwọn Tíṣà ní Kàbà

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kìíní títí di oṣù Keje, díẹ̀ ni mo lè rántí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe ní Kàbà nígbà ọlidé gígùn ló gba gbogbo ọdún yìí lọ́kàn mi.

Àwọn tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n àti nílé ọmọ òrukàn la pè. Wọ́n wá láti Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí. Ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn kan láti wọ ọgbà. Ta ló gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2021, tí àwọn agbébọn ya wọ ọgbà Kàbà, tí ẹlẹ́wọ̀n 240 sì sá lọ?

Ohun tí Màmá Ìsánlú, tó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, tẹnu mọ́ jù ni pé kí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan parí lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó jókòó síwájú rẹ lónìí lè wà ní kóòtù lọ́la. Wọ́n lè dá a sílẹ̀, wọ́n sì lè gbé e lọ sí borstal, ìyẹn ọgbà àtúnṣe àwọn ọ̀dọ́ tó rúfin, ní Ìlọrin, Abẹ́òkúta tàbí Kàdúná, níbi tí ìyá rẹ̀ kò ti ní owó ọkọ̀ dé. Tíṣà ìṣirò wa láti Mọ̀pà jiyàn pé èèyàn kì í kọ́ ìdá tán lọ́jọ́ kan. Màmá gbé gàrí fún un: "Pín in fún ọmọ mẹ́rin. Kí wọ́n mọ ìlàjì, kí wọ́n mọ ìdá mẹ́rin, kí wọ́n sì mu ún." Ó kọ́ ọ tán kí aago tó lù! Màmá tún ní ká má bi ọmọ ní ohun tó ṣe: "Adájọ́ ló ni ìyẹn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọ́dà tó jẹ́ ká kó pẹ́ńsù wọlé, tó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí a bá ń jáde.

Màmá fi wá sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi, mi ò sì... Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ iyán rẹ̀ mọ̀ pé òun náà ló ń gún un, òun náà ló sì ń jí yín bí ẹ bá sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, tíṣà ìṣirò yẹn ni yóò darí ti ọdún tó ń bọ̀. Ó ti gbà. Ilé ọmọ kan ní Ẹ̀gbẹ̀ náà ti ní ká wá. Owó ọkọ̀ kò tíì pé, ìwé kò tíì tó. Ẹni tó bá ní ìwé tí ọmọ rẹ̀ ti kà tán, kó bá wa tọ́jú rẹ̀ di oṣù Kẹjọ.